Ife Tánganran Wahab

Ní ọdún 1999, Wahab alágbẹ̀dẹ góòlù ra ife tánganran kan tí yóò máa fi yọ́ góòlù. Ó búra níwájú ìyàwó rẹ̀ pé ọjọ́ tí ife náà bá là ni àwọn yóò fi Port Harcourt sílẹ̀ lọ sílé ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹni tó tà á ní bó bá pẹ́ títí, ọdún méjì ni. Wahab sáré lọ kan òrùlé ilé rẹ̀ lọ́hùn-ún.

Ife ò là.

Ọdún méjì di mẹ́wàá, ó di ogún. Nínú ẹbí wọn, alágbẹ̀dẹ kì í fọwọ́ kan ife tó bá ti kúrò nínú iná. Sàlímọ́tù ìyàwó rẹ̀ ló ń fi ẹ̀mú gbé e lọ sílé ìdáná, tó ń po ẹfun, tó ń kùn ún nínú lóde kí ooru má baà ká a mọ́ lójijì. Bó bá gbé e jáde, á funfun bí ẹyin.

“Má kùn ún dáadáa mọ́, jàre,” Wahab bẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kan. “Ọwọ́ ẹ ló so wá mọ́bí.”

“Bàbá Bilkis, kí n wá máa ṣe iṣẹ́kíṣẹ́? Ta ló fẹ́ lọ sílé jù mí lọ? Ẹrù mi ti wà ní dídì láti 1999!”

Ó gbé apẹ̀rẹ̀ edé rẹ̀, ó ń kọrin lọ sí ìsọ̀ rẹ̀ ní ọjà Creek Road. Àánú rẹ̀ ṣe Wahab.

Ní Amadi-Ama, àdúgbò wọn, ó di eré. Bí wọ́n bá ti rí Wahab, wọ́n á bi í:

“Alhaji, e don break?”

“E never break o!” Sàlímọ́tù á ké láti inú ilé, gbogbo àdúgbò á bú sẹ́rìn-ín.

Ẹnjiníà Adébánjọ, tó ń ṣe bíríkì inú iná ìléru ní Trans-Amadi, gbọ́, ó sì wá.

“Bàbá, ẹfun lè ran tánganran lọ́wọ́ lóòótọ́. Àmọ́ ogún ọdún? Ẹ jẹ́ n dán an wò.”

Ó fẹ́ iná títí ife fi pọ́n bí ẹyìn. Ó yọ ọ́ lójijì, ó gbé e sórí iyanrìn tútù. Wahab di ojú, ó ń rí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Nǹkan ta kẹ́.

“Èédú ni,” Sàlímọ́tù wí. Ó ti fi ẹ̀mú gbé ife. “Ẹ jẹ́ n fọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ tó wò ó, ẹnjiníà. Iṣẹ́ obìnrin nìyẹn nílé wa.”

Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó gbé e jáde láti ilé ìdáná, ẹfun tútù lára rẹ̀. Adébánjọ yí i lẹ́ẹ̀mẹta. Kò sí ojú ibi tó là. Ó fò sókè, ó kígbe. Àwọn aládùúgbò tó wá wòran bẹ́ sí ijó. Wahab náà jókòó sílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

“Ìyá Bilkis, ilé tún di àmọ́dún.”

“Ó dọwọ́ Ọlọ́run, ọkọ mi.”

Bí ijó ṣe ń gbóná, Sàlímọ́tù gba ẹ̀yìn ilé ìdáná jáde, ó gbẹ́ ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó sì sin ife kẹtàlélógún tó là sí ẹ̀gbẹ́ méjìlélógún tó ti ṣáájú rẹ̀.