Télọ̀ Tí Ojú Tì Láti Jókòó Sídìí Ìlù

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ ní ìlàjì o. Ẹ kà á títí tó fi máa parí, torí ohun tó ṣe télọ̀ yìí lè ṣe ẹnikẹ́ni nínú wa. Bí ẹ̀rín bá ń pa yín, ẹ rọra rín in.

1.
Télọ̀ kan wà, èèyàn dáadáa ni, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́. Kúkúrú ni, àmọ́ ẹ má jẹ̀ẹ́ kó gbọ́ pé mo sọ bẹ́ẹ̀. Bó bá ti kúrò nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ nírọ̀lẹ́, ìdí ìlù ló ń lọ. Ọdún mẹ́ta ló ti ń kọ́ ọ lórí sẹ́ẹ̀tì ìlù òyìnbó kékeré kan ní kọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń rà fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìlù náà ti gbó. Àwọn ẹsẹ̀ irin rẹ̀ ń mì, símbà rẹ̀, ìyẹn irin pẹrẹsẹ tí wọ́n ń fi ọ̀pá gbá, ti sán létí, ó wá ń dún bí ìdérí ìkòkò.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló bí. Nígbà tí ọmọ náà mú ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ wálé, bàbá ní, "Ọmọ mi, èmi fúnra mi ni n ó lùlù tí wàá fi wọ gbọ̀ngàn."

Omijé lé sọ́mọ lójú. "Bàbá mi, ìlérí ni o!"

"Ìlérí ni."

Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù.

2.
Onígbàjámọ̀ kan ló ń ta gìtá nínú ẹgbẹ́ olórin tí òun àti télọ̀ jọ wà. Ó gbà á nímọ̀ràn: "Télọ̀, sẹ́ẹ̀tì yìí ti ṣe tirẹ̀. Wá èyí tó wà láàárín, tí kì í ṣe tọmọ iṣẹ́, tí kì í sì í ṣe tọ̀gá àwọn ọ̀gá. Àmọ́ jókòó sí i o! Lù ú kó o tó rà á. Bí ẹsẹ̀ rẹ bá tó pẹ́dà tí ò ń fẹsẹ̀ tẹ̀, tí ọwọ́ rẹ tó símbà láìnàgà, ìyẹn ni tìẹ."

Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn, àbí irọ́ ni?

Télọ̀ dé ibi tí wọ́n ti ń tà á. Obìnrin tó ń tajà ṣe é dáadáa, ó fa ìjókòó fún un. "Ẹ jókòó, sà. Ẹ gbá a wò."

Ẹ wò ó, àwọn géńdé mẹ́ta wà níbẹ̀ tí wọ́n ń lùlù bí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ò léegun. Télọ̀ rò ó lọ́kàn pé: "Bí mo bá ṣì í lù báyìí, wọ́n á mọ̀ pé mo ṣì ń kọ́ ọ." Ló bá gbójú sókè.

"Èmi kọ́ ni wọ́n ń sọ fún pé kí n gbá a wò. Ojú làwa ọ̀gá fi ń mọ ìlù."

Àwa ọ̀gá! Ẹ gbà mí o.

Ó nàka sí èyí tó tóbi jù, pupa fòò, tí ìlù ẹlẹ́sẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó o níbàdí.

"Èyí ga díẹ̀ o, sà," obìnrin náà rọra sọ.

"Ó ga fún ta ni?"

Télọ̀ fi sẹ́ẹ̀tì àtijọ́ rẹ̀ tó gbé wá kún owó, ó gbé àràbà ìlù lọ sílé.

3.
Wàhálà dé. Bó bá rẹ ìjókòó sílẹ̀, ìlù á bò ó mọ́lẹ̀. Bó bá gbé ìjókòó sókè, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa fì dirodiro lókè pẹ́dà. Ìyàwó rẹ̀ yọjú láti ẹnu ọ̀nà.

"Bàbá ìyàwó, ibo lẹ wà? Mò ń gbóhùn yín, n ò rí yín."

"Fi mí sílẹ̀ jàre."

"Ẹ dá a padà. Wọ́n á pààrọ̀ rẹ̀ fún yín."

"Kí n dá a padà kẹ̀? Lẹ́yìn tí mo ti sọ pé ọ̀gá ni mí?"

Ìgbéraga ò jẹ́ kó lọ. Kí ló ṣe? Ó ká aṣọ bíi mẹ́jọ lé ìjókòó, ó sì fi okùn so pákó mọ́ bàtà méjèèjì. Ó ní ó ti parí.

4.
Ọjọ́ ìgbéyàwó pé. Gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Ìyàwó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo bàbá rẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn. Ìlù bẹ̀rẹ̀, ó sì dùn, n ò ní parọ́. Ọmọ gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé ìkejì. Bàbá bá nàgà sí símbà.

Aṣọ yọ̀. Pákó há sábẹ́ pẹ́dà. Gbàà! Òun, ìjókòó àti símbà ṣubú lulẹ̀ pọ̀.

Ọmọ sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. "Bàbá mi, ṣé ẹ ò fara pa?"

Ojú ti télọ̀ débi pé ó sunkún. "Mo ti ba ọjọ́ rẹ jẹ́. Ìlù yìí jù mí lọ, mo sì mọ̀. Ojú ló ń tì mí láti jókòó sí i níwájú àwọn géńdé."

"Ta ló ń bá yín wá géńdé? Ẹ̀yin ni mo fẹ́. Ẹ mú ẹyọ ìlù kan níbẹ̀, ká jọ wọlé."

Ìyàwó télọ̀ tú ìborùn, ó fi so ìlù tó kéré jù kọ́ ọ lọ́rùn. Bàbá ṣáájú, ó ń lù, ọmọ tẹ̀ lé e, ó ń jó. Kò sẹ́ni tó jókòó mọ́ nínú gbọ̀ngàn.

5.
Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó dá ìlù padà. Ìlù náà ti ha lára, wọn ò lè gbà á bíi tuntun, ló bá rán kọ́tìnì gbogbo fèrèsé ilé ìtajà náà láti fi dí owó tó dín lórí rẹ̀. Àwọn géńdé yẹn tún wà níbẹ̀. Ó kí wọn, ó jókòó sídìí sẹ́ẹ̀tì kan tó mọ níwọ̀n, ó ní, "Ẹ má bínú, mo ṣì ń kọ́ ọ ni." Ó lù ú. Ó ṣì í lù lẹ́ẹ̀mẹta. Ọ̀kan nínú wọn kàn ní, "Bàbá, ẹ fa ìjókòó súnmọ́ ọn díẹ̀." Ó fà á, ó sì bá a mu.

Ìwọ tó ń ka èyí, bóyá ìlù lo fẹ́ rà o, bóyá ọkọ̀ ni, bóyá ilé: má ṣe torí ojú àwọn tó ò mọ̀ gbé ohun tó jù ọ́ lọ. Jókòó sí i, gbá a wò, kó o sì sọ pé o ò tíì mọ̀ ọ́n tó. Ìtìjú ìṣẹ́jú kan sàn ju ìṣubú lójú gbogbo ayé. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́ o.