Àwọn Àga Tó Ṣófo

Ǹjẹ́ o ti to àga sílẹ̀ de èèyàn rí, láìmọ̀ bóyá wọ́n á wá?

Obìnrin kan ṣe bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ní gbọ̀ngàn tí àwọn ará àdúgbò ti máa ń ṣèpàdé. Ọwọ́ káfíńtà tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ló ti gba kọ́kọ́rọ́. Ó gbálẹ̀, ó nu eruku orí àga, ó tò wọ́n ní ìlà-ìlà. Ó gbàdúrà ṣókí, ó jókòó sítòsí ilẹ̀kùn, ó ń wo títì.

Káfíńtà yọjú, ayùn lọ́wọ́, ó ń tiro.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Ṣé ìpàdé àwọn dókítà tí wọ́n kéde yẹn náà ni?"

"Òun ni."

"Ẹ má jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín. Àwọn tó fa ẹ̀jẹ̀ wa lọ bí ẹ̀fọn? Ẹ̀fọn tiẹ̀ máa ń kùn síni létí."

"Wọ́n ní àwọn á padà wá."

"Ohun tí màmá mi gbà gbọ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé nìyẹn. Màmá mi ló ṣáájú ìgbìmọ̀ tí àdúgbò yàn láti bá wọn ṣèwádìí ẹsẹ̀ wíwú. Ó ní àwa kì í ṣe ewúrẹ́ tí wọ́n á kàn so mọ́lẹ̀ yẹ̀ wò. Àjọṣe ni. Ohun tí wọ́n bá rí, àwa ni kí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún."

"Ìyá Ṣódájú," obìnrin náà wí.

Ojú káfíńtà là. "Ẹ mọ̀ ọ́n? Dókítà wo ni kò bi pé ṣé ó dájú?"

"Ó máa ń ṣáájú gbogbo wa dé ìpàdé."

"Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀ nígbà náà?"

"Mo wà níbẹ̀. Àwọn tí a jọ wà ti fọ́n ká. Èmi nìkan ló kù."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá."

Ó lọ bu omi wá fún un.

"Ṣé omi kànga ẹ̀yìnkùlé ni?"

"Òun náà ni. Ó tutù ju ti ẹ̀rọ lọ."

Obìnrin náà dúpẹ́, ó gbé ife náà sábẹ́ àga.

Oòrùn ń mú sí i. Obìnrin méjì kọjá, wọ́n bojú wolé, ọ̀kan sọ nǹkan, èkejì rẹ́rìn-ín, wọ́n bá tiwọn lọ. Ọlọ́kadà kan dúró, ṣùgbọ́n ọ̀nà ló fẹ́ béèrè. Obìnrin náà dìde, ó tún àga kan tí kò tiẹ̀ wọ́ tò.

Nígbà tó yá, káfíńtà padà wá.

"Màmá, ẹ máa lọ sílé jàre. Àwọn èèyàn yẹn ò ní wá."

"Láti ìgbà wo lẹsẹ̀ rẹ ti ń wú?"

"Tèmi? Ogún ìyá mi ni, ẹ jẹ́ kí n máa jẹ ẹ́. Àbíkẹ́yìn mi ló ń kó mi láyà sókè. Ojú rẹ̀ ti ń wú láàárọ̀."

Obìnrin náà gbé ife omi náà jáde lábẹ́ àga, ó dà á nù.

"Má mu omi kànga yẹn mọ́, ìwọ àti gbogbo ará ilé rẹ."

Káfíńtà rẹ́rìn-ín. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

Obìnrin náà lọ dúró níwájú àwọn àga tó ṣófo, ó sì sọ fún ọmọ Ìyá Ṣódájú gbogbo ohun tó rí nínú ẹ̀jẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ fi abẹ́rẹ́ fà lápá ìyá rẹ̀, bó ti ṣèlérí fún ìyá náà lọ́jọ́ tó ń fà á pé òun á padà wá sọ ọ́.