Lésà Rí I, Wọ́n Dákẹ́

Lésà kékeré, iná tó ń wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn nínú ọpọlọ, tí àwọn olùwádìí dè mọ́ ọmọ mi lórí fi hàn wọ́n pé ọpọlọ rẹ̀ ti ṣèṣe, síbẹ̀ wọ́n jẹ́ kó padà sórí pápá bọ́ọ̀lù rọ́gbì.

Mo ti dé yàrá ìwádìí wọn. Mo dí ẹnu ọ̀nà.

"Ta ló jókòó ti kọ̀ǹpútà yìí nígbà ìdíje?"

Ọ̀kan nínú wọn tó wọ gíláàsì ojú dìde. "Èmi ni, mà."

"O rí i pé ẹ̀jẹ̀ ò ṣàn dáadáa mọ́ nínú orí rẹ̀?"

"Mo rí i."

"Kí lo wá ṣe?"

"Ìlànà ìwádìí ni pé a ò gbọ́dọ̀ sọ èsì títí ìdíje á fi parí. A ò tiẹ̀ mọ orúkọ wọn. Nọ́ńbà nìkan là ń rí, ká má baà ṣe ojúsàájú."

"Gbẹ́nu ẹ sọ́hùn-ún! Ilé ń jó, ẹ jókòó, ẹ̀ ń wọn bí iná ṣe ga tó!"

Ọ̀gá wọn ní kí n rọra. Mo ní kó panu mọ́.

"Ó padà sórí pápá, wọ́n tún fi èjìká gbá a lulẹ̀, kò sì lè dìde."

Onígíláàsì yẹn, àkọ́bí mi, bú sẹ́kún. "Màámi, mi ò mọ̀ pé àbúrò mi ni."

"Ká ní ọmọ ẹlòmíì ni ńkọ́? Ṣé wàá rí oorun sùn?"



Mo wọ́ ọ dé ọsibítù.

Àbúrò rẹ̀ lajú. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó wo èmi tí mo bí àwọn méjèèjì.

"Ẹ káàsán o," ó ní. "Ta lẹ wá kí?"