Àmì Pupa Méjì

Láti àárọ̀ ni Láwàl ti ń bá kọ̀ǹpútà jà.

Òun ló ṣe kàlẹ́ńdà tí Ràhmọ̀t ìyàwó rẹ̀, nọ́ọ̀sì ní Igbó-Ọrà, fi ń kọ ọjọ́ ìkúnlẹ̀ àwọn aboyún: aboyún kan, àmì pupa kan.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta ń yọ méjì, kò sì sí orúkọ kankan níbẹ̀.

"Níbo ni èkejì ti wá?"

Láwàl, ọ̀gá kọ̀ǹpútà, tún gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ kọ. Méjì náà ni.

Ó fi ìbínú pa ọ̀kan rẹ́.

"Ẹ dá a padà jàre!" Ràhmọ̀t ń rẹ́rìn-ín, ó gbọ́wọ́ lé ikùn. "Ọjọ́ tèmi ni. Wọ́n yẹ̀ mí wò lánàá, mo bá fi í síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì."

Láwàl dá àmì náà padà.

Òun tí wọ́n sọ ní Kẹ́hìndé ló wá ń bèèrè ibi tí èkejì ti wá!