Bí Kìtán Ṣe Fọwọ́ sí Kọ́kọ́rọ́ Ayédèrú

Orí Kìtán pé, ṣùgbọ́n kò ní sùúrù. Bí iṣẹ́ bá ní ìlànà mẹ́rin, á fo mẹ́ta, á ní ọ̀lẹ ló ń tẹ̀ lé ìlànà.

Tíṣà ni ní Ìsìkàn, l'Àkúrẹ́, nígbà tí owó oṣù ń pẹ́ bí òjò ọ̀dá. Òun ni akọ̀wé ìdánwò àjùmọ̀ṣe Àkúrẹ́ àti Oǹdó. Nítorí pé dátà wọ́n, í-meèlì tí kò ní àwòrán kankan, àfi kìkì lẹ́tà, ni wọ́n ń lò lórí kọ̀ǹpútà àlòkù. Kọ́kọ́rọ́ orí kọ̀ǹpútà, tí nọ́ńbà gígùn wà lára rẹ̀, ni wọ́n sì fi ń ti ìbéèrè pa kó má bàa jó síta: kọ́kọ́rọ́ ẹni tí wọ́n bá fi tì í, onítọ̀hún nìkan ló lè ṣí i. Òfin wọn kò ju ẹyọ kan lọ: má fọwọ́ sí kọ́kọ́rọ́ ẹnikẹ́ni, ìyẹn ni pé má jẹ́rìí sí i pé tirẹ̀ ni, àfi tí ìwọ àti onítọ̀hún bá ti jọ ka nọ́ńbà ara rẹ̀ lórí fóònù.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, kọ́kọ́rọ́ tuntun bá í-meèlì dé lórúkọ Màmá Leah, olórí àwọn tíṣà Oǹdó. Kìtán fẹ́ fi ìbéèrè àti ìdáhùn wọn ránṣẹ́ síbi tí kọ́kọ́rọ́ náà ti wá, ẹ̀rọ kọ̀ jálẹ̀: kò sẹ́ni tó fọwọ́ sí kọ́kọ́rọ́ yìí. Ó pa á, ó tàn án, ó tún kọ̀.

Olúgbémiga, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rọ ò bàjẹ́ o. Ó ń bi yín bóyá ẹ mọ onítọ̀hún ni. Ẹ pe Màmá."

"Kí n pe Màmá? Wọ́n á kọ́kọ́ béèrè ìyàwó, ọmọ, títí dórí adìẹ! Ṣé kì í ṣe orúkọ wọn lò ń wò yìí?"

"Ta ni ò lè kọ orúkọ? Èmi náà lè kọ ọ́ sára ògiri."

"Lọ kọ ọ́!"

Kìtán fọwọ́ sí i. Ìbéèrè lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, ó ń súfèé. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́, fífọ́ ni í fọ́. Àṣé Reuben kan tó ń gbowó kọ́ àwọn ọmọ ní lẹ́sìnnì l'Óǹdó ló ṣe kọ́kọ́rọ́ náà, tó fi orúkọ Màmá sí i, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni ìbéèrè lọ.

Lọ́jọ́ Ajé, Màmá Leah pè. "Kìtán, ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?"

"Wọ́n wà, Mà."

"Ó dáa. Àwọn ọmọ iléèwé mi ń fi ìdáhùn ìdánwò rẹ kọrin. Èmi ò sì tíì rí ìbéèrè kankan gbà!"

Wọ́n fagi lé ìdánwò náà, wọ́n gba ipò akọ̀wé lọ́wọ́ Kìtán, wọ́n fi fún Olúgbémiga. Wọ́n ní kí Kìtán ṣe àádọ́ta ìbéèrè tuntun láàárín ọjọ́ mẹ́ta, kó sì dọ̀bálẹ̀ fáwọn tíṣà Oǹdó. Wọ́n pa kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ náà rẹ́. Nígbà tó ṣe òmíràn, ó gbé e wá fún akọ̀wé tuntun.

Olúgbémiga wò ó látòkè délẹ̀. "Ẹ kú àárọ̀, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni yín?"

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ rèé: ẹni tó bá fọwọ́ sí nǹkan ti ṣe onídùúró rẹ̀ nìyẹn. A kì í dúró fún ẹni tá ò mọ̀, kódà bí orúkọ rẹ̀ bá mọ́ wa létí. Bí ohun kan bá sì ní ká dúró, ká béèrè ìdí ká tó fi agídí kọjá. Ìṣẹ́jú márùn-ún tá a bá sá fún lè di iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta.