Ètè Tí Wọ́n Ń Kùn Kí Ilẹ̀ Tó Mọ́

Kò pẹ́ púpọ̀ tí ìyàwó kápẹ́ńtà wọṣẹ́ nílé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe àwọ̀ aṣọ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í kun ètè. Pupa fòò ni lípsítíìkì náà, èèyàn lè rí i láti òdìkejì títì. Lẹ́yìn náà, ó kun èékánná. Ọkọ rẹ̀ kàn ń wò ó. Látìgbà tó ti já bọ́ láti orí òrùlé, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ò gbé òòlù mọ́, ìyàwó ló sì ń bọ́ ilé. Ẹni tí wọ́n ń bọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ pariwo.

Iṣẹ́ ìyàwó ni kó máa da ánílíìnì, kẹ́míkà tí wọ́n fi ń ṣe àwọ̀, láti inú àgbá sínú ìkòkò ńlá. Ó rí bí òróró, ó ń rùn bí ẹja àná. Ìbọ̀wọ́ tí wọ́n fún un ti lu níka, wọ́n ní tuntun ń bọ̀. Tó bá ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, ó máa ń jókòó lórí àtẹ̀gùn kó tó lè gòkè, orí á máa fọ́ ọ, á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Síbẹ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́, á ti ilẹ̀kùn balùwẹ̀ mọ́rí, á sì kun ètè jáde. Kì í la ẹnu rẹ́rìn-ín mọ́. Ó tún wá ń kùn ún sùn.

"Ilé-iṣẹ́ tó ń rùn bí ẹja, ta ni wọ́n ń kun ètè fún níbẹ̀?" Ìyá kápẹ́ńtà, tó ń bá wọn gbé, ló bi í bẹ́ẹ̀. "Bí ò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú."

"Màámi, ẹ fi í sílẹ̀."

"Mo ti fi í sílẹ̀. Ìwọ ni mò ń wò."

Ọ̀rọ̀ náà wọ kápẹ́ńtà lára. Ó gòkè lọ bá Ìyá Òkè, tí yàrá rẹ̀ wà lórí tiwọn. Òun náà ti ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ náà rí kí wọ́n tó ní kó lọ sinmi sílé. Wọn ò tíì pè é padà. Àga kan ṣoṣo ló kù ní yàrá rẹ̀.

"Ìyá Òkè, ta ni ìyàwó mi ń kun ètè fún?"

Obìnrin náà wolẹ̀. "Fọ́ọ̀mánù ni," ó ní. "Má bá a jà, ọmọ mi. Èmi ni mi ò gbọ́n tó o."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kápẹ́ńtà lọ dúró sí òdìkejì géètì ilé-iṣẹ́ náà. Àwọn òṣìṣẹ́ tò. Fọ́ọ̀mánù ń wo ọwọ́ wọn, ó ń gbé àgbọ̀n wọn sókè síbi ìmọ́lẹ̀. Nígbà tó kan ìyàwó rẹ̀, ó pẹ́ díẹ̀. Ó di ìka rẹ̀ mú, ó wo ètè rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kó wọlé. Kápẹ́ńtà yíjú padà, ó gba ilé lọ.

Nírọ̀lẹ́, ó gbé abọ́ omi síwájú ìyàwó.

"Mo rí ìwọ àti fọ́ọ̀mánù. Nù ún kúrò."

"Ẹ jẹ́ ó wà bẹ́ẹ̀."

"Mo ní kí o nù ún."

Ìyàwó rẹ aṣọ sínú omi, ó nu ẹnu títí pupa fi tán. Ètè tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti dúdú bí aró.

"Ẹ̀jẹ̀ mi ni ánílíìnì sọ dà bẹ́ẹ̀," ó ní. "Èékánná náà ò yàtọ̀. Ẹni tí fọ́ọ̀mánù bá ti rí i lára rẹ̀, ó di ilé nìyẹn. Ó mọ̀ nípa tèmi. Ó ní kí n ṣáà máa kùn ún kó nípọn."

Ojú ti kápẹ́ńtà, àánú ìyàwó rẹ̀ sì ṣe é.

"O ò lọ síbẹ̀ mọ́," ó ní.

"Ó dáa," ni ìyàwó wí.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọwọ́ ọ̀tún tí kò lè gbé òòlù ló gbé búrọ́ọ̀ṣì kútẹ́ẹ̀sì, tó ń kun èékánná ìyàwó rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, tó sì ń tún un kùn léra wọn, kó má baà pẹ́ débi iṣẹ́.