Ètò Tó Kọ̀ Tí Kò Kúrò

"Rọra o, ọmọ mi! Ìwé tí mo ti ń kọ láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn ló wà nínú kọ̀ǹpútà yìí."

Oníkọ̀ǹpútà tó wá tún ẹ̀rọ náà ṣe fi ìyá olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì náà lọ́kàn balẹ̀ pé òun ti ṣe ẹ̀dà ìwé náà pamọ́. Ètò àtijọ́ inú kọ̀ǹpútà náà gan-an ló ń dà á láàmú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti yọ ọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ló tún hù padà bí èpò.

"Òun ló ń jẹ ìwé mi lójú ewé lójú ewé. Fà á tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò!"

Ó ku àṣẹ́kù ètò náà kan ṣoṣo. Oníkọ̀ǹpútà ṣí i wò kó tó pa á rẹ́, ni ọwọ́ rẹ̀ bá dúró.

"Màmá, ètò yìí kọ́ ló ń pa ìwé yín rẹ́. Òun ló ń dá a padà. Àkọsílẹ̀ rẹ̀ fi hàn pé ẹni tó ń jókòó síbí lọ́sàn-án ló ń pa á rẹ́."

"Ta ló ń jókòó síbí bí kò ṣe èmi?"

Ọkọ ìyá olùkọ́, tó ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn lẹ́nu ọ̀nà, wọlé, ó dì í lọ́wọ́ mú.

"Ìyá Ìbejì, èmi ni mo fi ètò náà síbẹ̀. Ìwọ lò ń pa ìwé náà rẹ́. O kì í rántí ni."

Ìyá olùkọ́ tẹjú mọ́ ìka rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá bí ẹni ń wo ìka ẹlòmíràn. Ó wá yíjú sí oníkọ̀ǹpútà.

"Jọ̀ọ́, ọmọ mi, gbogbo ohun tí o yọ yẹn, dá wọn padà."